"Ẹ Má Bínú" Tí Ọkọ Mi Sọ

Ìyá mi, ilé ọkọ dùn o! Yàrá kan la ní nínú ọgbà yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wa ń da aládùúgbò láàmú.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló wà. Yunifásítì ní ọkọ mi jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ sínú ìwé àṣekágbá rẹ̀. Irọ́ ni, ìṣojú mi ló ti kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n pè é, ó tẹrí ba fún àwọn àgbà bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má bínú." Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn, wọ́n lé e. A ti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọ̀la ni wọ́n máa gbọ́ ọ. Bí kò bá bọ́ sí i, a ó kó ẹrù wa kúrò níbí.

Lálẹ́ yìí, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí adájọ́, kó lè fi ìdáhùn ọ̀la dánra wò. "Ṣé o jí i?"

"Rárá, mà. Ẹ má bínú."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Olówó orí mi, yọ ẹ má bínú kúrò!"

"Ìyàwó, ẹnu mi ò gbà á."

Kò jẹun mọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ mi. Ẹ ní aṣọ tí wọ́n rà sílẹ̀ de ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ rẹwà gan-an.