Alàgbà Fọlárìn Nínú Kòtò Ọlọ

Sátidé, Barking, ìrọ̀lẹ́

Inú ń bí mi, orúnkún sì ń ro mí. Láàárọ̀, ìjọ wa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìgbèríko ilẹ̀ òyìnbó níbí láti gbàdúrà lórí òkè. A ti kúnlẹ̀ sórí òkìtì kan, a ti ṣe "Àmín" méje, kí Alàgbà Fọlárìn tó ka pátákó tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe òkè rárá! Ibi tí àwọn òyìnbó àtijọ́ ti sé odò ni, kí omi lè máa yí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà.

Mo ní, "Ẹ̀yin ará, orí ebè iṣu la ti ń ké Halelúyà." Ìyá Dúpẹ́, ìyàwó mi, kò tilẹ̀ wò mí.

Ni Fọlárìn, tí ojú rẹ̀ máa ń le bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí, bá wọ inú kòtò gbígbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà, níbi tí kẹ̀kẹ́ ọlọ ti ń yí láyé àtijọ́. Ó na apá méjèèjì, ó ń yí wọn bí kẹ̀kẹ́ ọlọ náà. Ìyá Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi ọwọ́ di ìhà mú. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, èmi nìkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a padà dé ilé wa ní Thames View, mo dúró láàárín pálọ̀, mo na apá, mo ń yí wọn.

Ìyá Dúpẹ́ ní, "Bàbá Dúpẹ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra yí i, bíi ti Alàgbà."

Alàgbà kẹ̀!

Mo rọra yí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín, tàbí Fọlárìn.