Gàrí Tí Mo Gbé Lọ sí Jọ́ọ̀sì

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ìjàsí,
Ìjẹ̀bú-Òde.
9 Oṣù Kejì, 1985.

Edith Àyọ̀ká, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Mo lérò pé ọyẹ́ ibẹ̀ kò tíì là yín lẹ́sẹ̀. Ara tèmi le. Eyín ló ń yọ mí lẹ́nu, kò sì ju mẹ́fà lọ mọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu. Bàbá rẹ ti dé Jọ́ọ̀sì. Mo sùn ní Ìlọrin, mo sùn ní Kàdúná kí n tó dé ibẹ̀. Ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òkè ni mo sùn, tí ọkùnrin méje sùn yí mi ká bí ẹ̀ṣọ́ ọba. Ó dára, mo ti bu iyọ̀ sí i. Òkè bẹ́ẹ̀dì ni, irú èyí tí wọ́n ń tò léra bí àpótí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, arìnrìn-àjò bíi tèmi ni wọ́n, wọ́n sì ń hanrun.

Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Owó tí òtẹ́ẹ̀lì ń gbà fún òru kan, yóò gbé ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Ìwọ ni wàá mú aṣọ ìbora rẹ lọ, ìwọ ni wàá pọn omi ìwẹ̀ rẹ, ẹ ó sì tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ní Kàdúná, Simeon, ará Ìbẹfun kan tó ń ta pákó, ló sùn nísàlẹ̀ mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ rọra máa yí padà o, mi ò tíì kọ ìwé ìhágún mi.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀, egungun gbígbẹ kì í wúwo.

Òun ló bi mí pé ṣé mi ò lẹ́nìkan ní Jọ́ọ̀sì tí mo fi ń wá họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo ní mo lọ́mọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kì í sùn sílé àna tí a kò tíì gba ìdána lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí n kò gbà á. Mo ṣe bí ẹni tó ti sùn lọ.

Ìwọ mọ ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tí àwọn ará ilé Adélékè ọkọ rẹ ru iṣu àti orógbó wá sí pálọ̀ wa. Ọmọkùnrin náà kò ga, ó dọ̀bálẹ̀, a ní kó dìde, ó sì dìde. Gbogbo bàbá ìyàwó ló ń ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni n kò mọ ibi tí díẹ̀ parí sí. Mo ní, “A ti ní kó dìde, kí ló dé tó ṣì dọ̀bálẹ̀?” Àwọn ará ilé wa rẹ́rìn-ín títí. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ru iṣu wọn padà. Lọ́sẹ̀ kejì, ìwọ náà di ẹrù rẹ, o tẹ̀lé e. O kò bú mi. Ìbá sàn kí o bú mi.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ṣẹ̀fẹ̀ tán, ìdí ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo máa ń wò, níbi tí o ti máa ń dúró, tí wàá fi etí aṣọ bo ẹnu kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ. Kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Gàrí tó kan dáadáa ni mo gbé wá fún ọ, Ràmọ́tà aládùúgbò wa ló yan án. Àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn káàdì Kérésì rẹ ni mo fi wá ilé yín rí. Ìlẹ̀kùn wà ní títì, kò sẹ́ni nílé. Mo gbé gàrí padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn méje tí a jọ sùn níbẹ̀ sì bá mi mu ún tán. Wọ́n ní kí n kí ọ.

Sọ fún Adélékè kí àwọn ará ilé rẹ̀ tún wá. Kí wọ́n má ru iṣu kankan. Èmi ni màá dìde lórí àga kí wọn. Bí ẹ̀fẹ̀ bá ń yún mi lẹ́nu, màá fi orógbó dí i.

Ọ̀nà tó gbé ọ lọ, òun náà ni yóò gbé ọ bọ̀ wá bá mi láàyè. Ẹ̀rín kò ní tán nílé rẹ. Olúwa yóò fi ọwọ́ bo gbogbo yín.

Èmi ni bàbá rẹ tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn,
Theophilus Ògúndèyí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Ìlẹ̀kùn yín kò tì. O wà lágbàlá, ò ń sá aṣọ sórí okùn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ. Mo dúró sábẹ́ igi ní òdìkejì títì títí o fi sá a tán. O wọlé, n kò pè ọ́. Láti Ìlọrin ni mo ti ń to ẹ̀fẹ̀ tí n ó fi kí ọ. Ẹ̀rù ló bà mí pé o kò ní rẹ́rìn-ín. Kí ni orúkọ ọmọ náà?