Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Òkúta Bàámi

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àìrí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Barking níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n Bàámi àti gbogbo ará ilé. Táyọ̀ àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí ọ díẹ̀.

Ara mi le, òtútù nìkan ló ń bá mi jà. Ní Thames View tí mò ń gbé, afẹ́fẹ́ odò kì í jẹ́ kéèyàn lè dúró de bọ́ọ̀sì. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tí yóò kí mi kú àbọ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kí ara mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àárò yín ń sọ mí, Màámi.

Abà àgbẹ̀ àtijọ́ kan la ń tún ṣe báyìí, lóko lẹ́yìn London. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìpele méjì, ọ̀kan lóde, ọ̀kan nínú, wọ́n wá kó wẹ́wẹ́ òkúta sáàárín. Fèrèsé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lóde, ó fẹ̀ nínú, kí afẹ́fẹ́ lè dé ibi ọkà kí òjò má sì wọlé. Bí mo ṣe rí i, abà kòkó tí Bàámi fi òkúta kọ́ sóko wa ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi Bàámi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ògiri rẹ̀ yọ òkúta síta bí eléyín gan-n-gan? Ti òyìnbó náà yọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé òòlù pé kí n gé e kí ògiri lè tẹ́jú, ni ọ̀gá wa bá kígbe mọ́ mi. Ó ní òkúta yẹn la ògiri já, òun ló di ìpele méjèèjì mú, bí a bá lù ú tó bá mì, ògiri á là sí méjì.

Mo fọwọ́ lé òkúta náà, mo sunkún. Láti ìgbà tí ẹ ti sin Bàámi lẹ́yìn mi, omijé kan ò tíì bọ́ lójú mi títí di ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá bi mí pé kí ló dé, mo ní eruku ni.

Táyọ̀ wá sọ fún mi lórí fóònù pé lọ́jọ́ Sátidé, bíríkìlà ń bọ̀ wá gé gbogbo òkúta Bàámi tó yọ síta, kí wọ́n lè fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri, kí abà lè dùn ún wò nígbà tí mo bá dé. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí yóò wó ilé, kí la fẹ́ fi ṣe? Màámi, ẹ bá mi dá a dúró. Ẹ̀yin nìkan ló lè gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Táyọ̀ tún ní ẹ ò jẹ́ kí òun mú ẹ̀wù oko mi kúrò lára òkúta ẹnu ọ̀nà, níbi tí mo fi í kọ́ sí kí n tó máa bọ̀ nílùú òyìnbó. N ò mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dé oko, ẹ kí i pé ó kú ilé. Èmi náà á máa dáhùn níbí pé ẹ kú àbọ̀.

Ẹ̀mí yín á gùn, Ọlọ́run á jẹ́ kí a fojú kanra. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò.

Èmi ni, Dàpọ̀, ọmọ yín.