Ọ̀rá Orí Mílíìkì Ọmọ

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o kí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ. Bàbá rẹ ti ń rìn láìmú ọ̀pá dání. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn kò jò mọ́.

Mo kàn ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ni. Ọmọ tí o fi sílẹ̀ fún mi ti rù, èmi ni mo sì fà á.

O rántí pé dókítà ní kí n má jẹ ọ̀rá mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí mílíìkì ọmọ bá dúró díẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù, ọ̀rá máa ń léfòó. Mo ní ohun tó fẹ́ pa ìyá àgbà kò gbọdọ̀ wọ ikùn ọmọ ọwọ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń fi ṣíbí bù ú dànù. Lánàá, nọ́ọ̀sì wọn ọmọ náà ní ilé ìwòsàn, ó bi mí bí mo ṣe ń po mílíìkì rẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni mo ṣàlàyé. Ó ní, "Háà, Màmá! Ọ̀rá yẹn ló ń kọ́ ọpọlọ àti ojú ọmọ o!" Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlẹ̀.

Ọmọ náà ti ń mu ún tọ̀rátọ̀rá báyìí. Nọ́ọ̀sì ní yóò bọ̀ sípò. Ojú rẹ̀ yóò rí ire rẹ, láṣẹ Ọlọ́run.

Jọ̀ọ́, pè mí, kí o bínú sí mi dáadáa. Bàbá rẹ ń rẹ̀ mí lẹ́kún ṣáá, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni pé n kò ṣe é ní nǹkan kan.

Èmi, ìyá rẹ.