Ará Serbia Tí A Sin sí Dublin

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí ilẹ̀kùn ilé wa kéré fún,

Òjò ń rọ̀ ní Hartstown, ní Dublin níbí, bí mo ṣe ń kọ èyí, irú òjò tí ẹ kórìíra, èyí tí kì í le tí kì í sì í dá. Màmá ti padà sí Ìbàdàn. Èmi nìkan ló kù nínú ilé. Yorùbá ni mo fi ń kọ̀wé sí yín nítorí pé òun ni èdè tí èmi pẹ̀lú yín jọ fi gbé ilé ayé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Èmi ọmọ yín ò gbọ́ èdè tí ìyá yín fi rẹ̀ yín lẹ́kún. Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi, Bàbá?

Ohun tí mo mọ̀ nípa ayé yín ò pọ̀. Mo mọ̀ pé ìlú kékeré kan létí odò ní Serbia ni wọ́n ti bí yín, pé bàbá yín ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, pé nítorí gíga yín ni olùkọ́ kan fi gbé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n, lé yín lọ́wọ́. Ẹ gbá a dé Belgrade, wọ́n sì mọ̀ yín níbẹ̀, kí orúnkún yín tó bàjẹ́. Wọ́n ní kí ẹ lọ sinmi. Ìbàdàn lẹ wá, ẹ wá ṣe kóòṣì. Màmá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré ìdárayá nígbà náà. Ó máa ń sọ ọ́ fún àlejò pé ọkọ̀ tó ń lọ sí Mọ́kọ́lá lẹ fẹ́ béèrè lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ohun tó tẹnu yín jáde ni pé ẹ ń wá ọkọ. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì bá yín dúró títí ọkọ̀ fi dé.

Ẹ̀rù àṣìṣe ló jẹ́ kí ẹ máa fi ẹ̀yin pe gbogbo èèyàn, àgbà àti ọmọdé. Èmi tí mi ò tíì tó wọ ilé ìwé, ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá jẹun.” Màmá bá yín jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú u. Mi ò tíì rí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Nígbà tí wọ́n pè yín padà sí Belgrade pé kí ẹ wá ṣe akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan, èmi àti Màmá dúró ní Ìbàdàn, à ń retí kí ẹ ránṣẹ́ sí wa. Ogun tó tú ilẹ̀ yín ká ló kọ́kọ́ dé. Màmá ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, ẹ̀yin ò fẹnu bà á rí. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ní kí ẹ yọ àwọn ọmọ tí orúkọ wọn kì í ṣe ti Serbia kúrò láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ dìde nínú ìpàdé, ẹ ní, “Mi ò ní yọ ọmọ kankan.” Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Milan àbúrò yín, tí ẹ jọ sun bẹ́ẹ̀dì kan náà dàgbà, ní ẹ ti dójú ti ìdílé. Ẹ kó ẹrù yín wá sí Dublin, ẹ sì wá kó wa wá. Ẹ ò dárúkọ Milan mọ́.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown ló gbà yín síṣẹ́, pé kí ẹ máa to páálí. Ẹni tí wọ́n ti ń dìde kí rí. Tẹ́ ẹ bá dé nírọ̀lẹ́, ẹ ó mu tíì, ẹ ó fi eyín di ṣúgà mú bí ẹ ṣe ń mu ún, ẹ ó sì gba gbọ̀ngàn àdúgbò lọ. Aṣọ ìnura àtijọ́ lẹ fi ń nu ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ Huntstown, àwọn ọmọ Nàìjíríà, àwọn ọmọ onílẹ̀, gbogbo wọn ló ń wá. Kí ẹ tó ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ kan, ẹ ó kọ́kọ́ gbé e sétí, ẹ ó mì í, bí ẹni tó ń ra àgbọn. Ẹ kó àwọn àdúgbò jọ, ẹ dá ìdíje sílẹ̀ láàárín wọn, ẹ tún di akọ̀wé. Mo rò pé inú yín dùn nígbà náà. Ṣé inú yín dùn?

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo gba ẹgbẹ́ àwọn ọmọ náà ṣe. Mo rò pé màá lè ṣe é. Ẹ̀dọ̀fóró yín ló pa yín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń pariwo sí àwọn ọmọ náà nínú gbọ̀ngàn, ó ń ṣe mí bíi pé ẹ kàn jáde lọ mu sìgá lẹ́yìn ilé ni.

Kò pẹ́ tí Declan, alága ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn, fi pè wá sí ìpàdé. Ẹ rántí rẹ̀, òun ló máa ń pè yín ní “the big man”. Ó ní wọ́n ti ta gbọ̀ngàn náà, wọ́n máa wó o, wọ́n máa fi kọ́ ilé. Gbogbo Dublin ló ń kọ́lé báyìí, Bàbá. Ibi tẹ́ ẹ bá yíjú sí, ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè lẹ máa rí. Pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi ni mo dìde sọ̀rọ̀. Mo sọ ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ yìí ò ní ibòmíràn tí wọ́n máa lọ. Declan gbọ́ mi dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, “Ah, you'll be grand. Ẹ máa rí ibòmíràn.” Àwọn yòókù ń wo aago wọn. Ẹ̀yin dìde nínú ìpàdé tiyín, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọn ò rí nǹkan kan tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ èmi, wọ́n kàn lọ mu tíì.

A ò rí ibòmíràn. Ilé ìwé kan ní a ò lè máa lo gbọ̀ngàn àwọn nírọ̀lẹ́, òmíràn ò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Àwọn ọmọ náà fọ́n ká díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí Ṣọlá, tí ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ dára ju ọwọ́ tiyín lọ nígbà èwe, tí ẹ ní ó máa dé Belgrade lọ́jọ́ kan? Mo rí i lóṣù tó kọjá. Ó ń ru bíríkì níbi tí gbọ̀ngàn wa wà tẹ́lẹ̀. Mo bi í ní Yorùbá bóyá ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó fi èdè Dublin dá mi lóhùn bí àwọn ọmọ tó dàgbà síbí ṣe máa ń ṣe, ó ní, “Not really, Aunty. I do be wrecked.” Ó ti rẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ó kéré sí ẹni tó yẹ kó rẹ̀ báyẹn.

Màmá náà, ó rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń ṣe àdúà fún yín, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí. Lọ́jọ́ kan ó dé, kò bọ́ kóòtù, ó jókòó. Ó ní, “Ẹni tó mọ̀ mí ní ìlú yìí ti wà nínú ilẹ̀. Jẹ́ ká máa lọ sílé.” Mo ní iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí n lè lọ. Ó mọ̀ pé kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Tí àwa méjèèjì bá lọ, ta ló máa wá kí yín? Síbẹ̀ tí mo bá dé ibojì yín, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀. Mo máa ń tu koríko, màá dúró díẹ̀, màá wọ bọ́ọ̀sì padà.

Ìdí tí mo fi kọ èyí ni pé Milan wá. Kò wá síbi ìsìnkú. Ó tẹ̀ mí láago nígbà náà, ó ń sunkún ní èdè tí mi ò gbọ́, mo gbé fóònù dání títí ó fi gé. Ní Sátidé tó kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, mo sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ga bíi tiyín. Ó tẹ orí ba bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ kó tó wọ ọkọ̀.

Ó tan àbẹ́là sórí ibojì yín, òjò pa á. Ó tún un tàn, òjò tún pa á. Ó wá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò dáadáa, ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Orúkọ kan wà tó ń fi pè yín léraléra, kì í ṣe orúkọ yín tí mo mọ̀. Nígbà tó dìde, mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó wá a ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò rí i. Ó fi ọwọ́ wọn nǹkan kékeré kan sílẹ̀, bíi gíga ọmọdé, ó mi orí, ó fi í sílẹ̀. Ta ló ń pè yín bẹ́ẹ̀, Bàbá? Ṣé ìyá yín ni?

Lẹ́yìn náà lòun náà béèrè tirẹ̀. Ó ní, “He speak, about me?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ẹ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ó sún mọ́ mi, ó ní, “What he say?”

Mo dúró nínú òjò, mò ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè kó lé e lọ́wọ́, mi ò ní. Ẹ ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi tí mo lè fún un. Ó ń wo ẹnu mi. Nígbà tó yá, ó di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ títí dé ọrùn, ó fi ọwọ́ lé mi léjìká, a sì jọ rìn lọ síbi ọkọ̀.

Èmi ni ọmọbìnrin yín, tó ń pè yín ní Bàbá títí dòní, torí mi ò mọ ìtumọ̀ orúkọ tí Milan fi pè yín.