Mo Ṣí Àgádágodo, Ṣùgbọ́n N Kò Jalè

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ọ̀nà tí ẹ ti ń wò láti ọjọ́ tí mo ti jáde. Mo kúnlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé yìí, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Mo kí Bàbá àgbà, mo kí bùrọ̀dá mi àti ìyàwó rẹ̀, mo kí ìyá kékeré tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé, mo sì kí àwọn àbúrò mi tí wọ́n ti pín bẹ́ẹ̀dì mi láàárín ara wọn. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti sàn?

Kì í ṣe àṣà wa láti kọ lẹ́tà ilé sí gbangba. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà tó gbé ìròyìn mi dé Ṣakí kò sọ ọ́ fún yín ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ní inú gáréèjì ló ti sọ ọ́, níṣojú tọmọdé tàgbà, pé Sìkírá ọmọ yín ti di fọ́léfọ́lé ní Dassa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé kí n máa bọ̀ nílé. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ kò bi mí bóyá mo jalè, ẹ ní kí n sọ ohun tí mo jí. Mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọkàn mi ò sì balẹ̀ láti ìgbà náà. Mo ṣẹ̀, Ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò jalè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Iṣẹ́ tí mo bá wá síbí náà ni mò ń ṣe. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Alájì, ọmọ ìlú wa tó ń ta ìṣó, páànù àti àgádágodo nínú ọjà Dassa nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí. Kádínà ni wọ́n ń pe àgádágodo níbí, Faransé ló kọ́ wọn. Èdè tiwọn alára fẹ́ jọ tiwa. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́ kíákíá, á dà bíi pé ẹbí mi ni wọ́n, tí mo kàn gbàgbé orúkọ wọn. Ọyẹ́ ti dé. Láàárọ̀ ètè á máa là, tó bá di ọ̀sán, àwọn àpáta orí òkè á gbóná bí ààrò. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan, ẹ máa bá mi fara mọ́ ọn ná. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ìdí mi kò gbé ìjókòó. Níbí ó tún burú sí i. Tí mo bá ń jẹun, mo lè dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí abọ́ tó tán, kó má sì sí ibi tí mò ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú ló ń pa mí jù. Alájì kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Àwọn ará ìlú á lọ sí Mísà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá jáde, kálukú á gba ilé ẹbí rẹ̀ lọ láti jẹun. Àlejò kò ní ilé tó máa yà sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́ta ṣe rí ara wa: èmi, nọ́ọ̀sì kan tí ìjọba gbé wá láti Natitingou, àti tíṣà kan láti Pobè tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mẹ́tìrì. Mẹ́tìrì ló rí i lórí fóònù rẹ̀ pé àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé ṣíṣí àgádágodo láìlo kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ṣeré, bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ta ayò. Mo tọrọ àwọn àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ wọn ti sọnù lọ́wọ́ Alájì, a fi irin agboòrùn tó ti kán ṣe irinṣẹ́, a sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ìdí òkè, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí wa.

Irin pẹlẹbẹ kan lẹ ó kì bọ ojú àgádágodo, ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹni fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejì lẹ ó fi wá àwọn irin wẹ́wẹ́ tó tò sínú rẹ̀, ẹ ó máa gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá kánjú, gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èmi Sìkírá jókòó sídìí nǹkan yìí fún wákàtí méjì láìdìde! Òfin méjì ni Mẹ́tìrì ṣe fún wa: a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àgádágodo tó bá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, a kò sì gbọ́dọ̀ ṣí èyí tí ẹni tó ni ín kò bá ní ká ṣí.

Mo wá ń gbé lọ́dọ̀ opó kan, Màmá Filomẹ́nà, tó ń dáko ẹ̀pà ní Kpingni. Yàrá ọkọ rẹ̀ tó kú wà ní òdìkejì àgbàlá, àgádágodo ńlá kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá pè mí. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù, pé òjò tó rọ̀ kẹ́yìn ti jò wọ inú yàrá náà, pé kí n bá òun ṣí i kí òun wò ó. Mo rántí òfin àkọ́kọ́. Mo sọ fún ara mi pé onílé ló kúkú ní kí n ṣí i. Kí n má purọ́ fún yín, ọwọ́ ló ń yún mi. Kò pẹ́ tó ṣí lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Màmá wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú, ó sì fi nǹkan kan pa mọ́ sábẹ́ ìró. N kò béèrè. Mo ti àgádágodo náà padà, mo lọ jẹun.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé nínú ẹbí yìí, tí ọkùnrin ilé bá kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló máa ń fi àgádágodo tirẹ̀ ti yàrá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, títí kan ìyàwó, àfi lọ́jọ́ tí gbogbo ẹbí bá pé fún Mísà ìrántí, kí wọ́n tó pín ẹrù rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò sọnù rárá. Ọwọ́ Tàńtí Agátà, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló wà ní Soclogbo.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe Mísà náà, Tàńtí dé pẹ̀lú àwọn ẹbí, ó sì ṣí yàrá. Fìlà àbúrò rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ́ sára ìṣó kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ta ni kò mọ̀ wá lábẹ́ igi máńgòrò? Tàńtí bi mí bóyá èmi ni mo ṣí i. Mo wo Màmá Filomẹ́nà, ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n lè ní ó jí ẹrù ọkọ, kí wọ́n lé e padà sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ṣí i. Tàńtí ní fìlà náà dà?

Alájì ní kí n má yọjú sí ṣọ́ọ̀bù títí ọ̀rọ̀ á fi lójú. Mẹ́tìrì bínú sí mi, ó ní mo ti bà wá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì kò gbé fóònù mi. Ìgbà yẹn ni dẹ́rẹ́bà yín já ẹrù lọ́dọ̀ Alájì, tó gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, tó sì gbé e wálé. Mo fẹsẹ̀ rin àgbàlá yẹn títí ó fi sú adìyẹ. Inú ń bí mi sí Màmá, Ìyá mi, ẹ má rò pé mo jẹ́ ẹni rere kan. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti pariwo lé e lórí.

Àárọ̀ ọjọ́ Mísà, gbogbo ẹbí ti múra tán nínú àgbàlá, Màmá Filomẹ́nà bá jáde síta. Ó dé fìlà ọkọ rẹ̀ sórí gèlè. Ó sọ fún wọn pé òun ni òun purọ́ fún ọmọ yìí, pé òórùn ọkọ òun ni òun fẹ́ gbọ́, pé kò sí alẹ́ kan tí òun kò gbé fìlà náà sáyà sùn. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ lé òun, kí wọ́n lé òun pẹ̀lú fìlà náà. Tàńtí Agátà rìn lọ bá a. Mo rò pé ó máa já a gbà ni. Ó fọwọ́ kan fìlà náà, ó rọra tẹ̀ ẹ́ sí apá ọ̀tún, ó ní bí àbúrò òun ṣe máa ń dé e nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ sí Mísà, mo sì sunkún bí ẹni tí bàbá rẹ̀ kú.

Nígbà tí wọ́n dé, Tàńtí pè mí. Ó ní èmi náà kò mọ́ tán: mo béèrè ẹni tó ni ilé, n kò béèrè ẹni tó ni àgádágodo. Òótọ́ ni. Ó wá pàṣẹ pé kí n máa wá jẹun ọjọ́ Àìkú lọ́dọ̀ òun ní Soclogbo. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ẹ̀pà fún mi láti pa, ó sì jókòó síbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó ọwọ́ mi dáadáa. N kò bínú.

Alájì ti gbà mí padà. Màmá ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, òun ò tijú mọ́. N kò ní wálé báyìí, Ìyá mi. Tí mo bá wá, á dà bíi pé wọ́n lé mi, ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà á sì di òótọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè jókòó, n kò lè sùn, nígbà tí ohùn yín tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ohùn ẹni tó ti dá mi lẹ́bi. Gbogbo Dassa ti gbà mí gbọ́, ó ku ẹ̀yin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan. Ẹ kàn pè mí ní Àṣàkẹ́, kí n dá yín lóhùn.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rínjú. Á fún yín ní ẹ̀mí gígùn nínú àlàáfíà, ẹ ò ní fi ẹkún rántí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ sì bá mi kí dẹ́rẹ́bà náà, ẹ ní mo ní kó ka lẹ́tà yìí sókè nínú gáréèjì.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sìkírá