Ọkọ Mi, Fèrè Rẹ̀ àti Erìgì Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀,
                                        Ọ̀nà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi bí iyèkan,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà wà, àfi eyín bàbá àwọn ọmọ mi tó fẹ́ da ilé rú.

O mọ̀ pé ọkọ mi kì í ṣe èèyàn kékeré. Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀, tó ń jókòó ta pákó, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Èmi télọ̀ ni mò ń tú ìdí ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, títí kò fi sí aṣọ tó kù láti tú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní àlàáfíà ló ń hàn lára òun. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ò sì kúrò lórí tábìlì rẹ̀.

Ló bá di pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde tó bá ń fọ eyín. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì ló le. Mo ra èyí tó rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Kò kà á sí, àfi ọjọ́ tí ẹgbẹ́ eléré rẹ̀ ń dánrawò, tó gbé fèrè sẹ́nu, tí eyín iwájú mì. Ó rọra dá fèrè padà sínú àpótí, ó sì wálé. Ọ̀rẹ́ mi, fèrè yẹn ló fi fẹ́ mi.

Mo fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó wo ẹnu rẹ̀ tán, ó ní kó gun òṣùwọ̀n. Ọkọ mi wò ó títí.

"Dókítà, eyín ni mo gbé wá o. Ìdí ò dùn mí."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé."

Ó ṣàlàyé pé kòkòrò inú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ eyín ló ń ba erìgì jẹ́, àtẹni tó sanra àtẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì lè ṣe. Àmọ́ tí ọ̀rá bá pọ̀ jù lára, ara á máa gbóná lábẹ́lẹ̀ bí iná abẹ́ eérú. Erìgì á tètè wú, kò sì ní tètè jinná. Wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú: ó ti ń gòkè, àmọ́ kò tíì di àtọ̀gbẹ.

Ohun kan ṣoṣo ni ọkọ mi béèrè: "Ṣé màá tún lè fọn fèrè?"

Dókítà ní òun ò lè ṣèlérí. Ọkùnrin ràbàtà yìí di ọwọ́ mi mú bí ọmọdé.

Wọ́n fọ eyín náà dé gbòǹgbò, wọ́n sì yọ ọ̀kan nínú eyín ẹ̀yìn tí kò ṣeé gbà là. Dókítà ní kó dín ara kù, kó sì jáwọ́ nínú ohun dídùn. Ẹni tó ń wọ mọ́tò lọ sí ìkóríta wá ń fẹsẹ̀ rìn, tó ń dúró kí gbogbo ẹni tó bá rí kó lè ráyè mí. Mo bá a lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń tú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ní abẹ́rẹ́ lòun ń wá. Abẹ́rẹ́ wo ló ń rùn bíi bisikíìtì? Síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀jẹ̀ dá, ikùn fà díẹ̀, eyín iwájú sì dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ní kó dán fèrè wò. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde dà bíi ti ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e já geere. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ oníbàárà lọ́wọ́, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ ń bẹ̀ ẹ́ pé ó ti tó. Èmi ò fẹ́ kó dákẹ́.

Bá mi kí màmá àti gbogbo ilé. Kí ìwọ náà gbé ẹnu rẹ lọ fún dókítà eléyín wò, torí mo mọ bí o ṣe ń bu ṣúgà sí tíì.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn,
Ìyá Télọ̀